Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àgbáyé: Ẹ Wọn Ìyanlódì Bí Ẹ Ṣe Ń Wọn Ogun

Ẹ̀yin aṣojú orílẹ̀-èdè 15 tí ẹ jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí nítorí pé ẹ̀yin ni ìwé àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù ní San Francisco ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1945 fún ní àṣẹ láti sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ṣe bá orílẹ̀-èdè kan rà, kí wọ́n má sì ṣe bá a tà. Abala 41 nínú ìwé náà ni ó sọ̀rọ̀ nípa gígé òwò, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfurufú àti ìfìwéránṣẹ́ kúrò láàárín orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ àti àwọn yòókù. Abala 42 tí ó tẹ̀ lé e ni ó tó mẹ́nu kan àwọn ọmọ ogun. Àwọn tí ó kọ ọ́ fẹ́ kí ìyanlódì, ìyẹn gígé òwò àti ìbáṣepọ̀ báyìí, ṣáájú ìbọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láti ìgbà náà ni pé, kí olórí kan tó yin ìbọn, yóò jókòó ka ọmọ ogun tirẹ̀ àti ti ọ̀tá, yóò ṣírò epo, yóò ṣírò oúnjẹ, yóò ṣírò òkú tí ó ṣeé ṣe kí ó sùn. Nígbà tí ó bá kan ìyanlódì, ìṣírò a dáwọ́ dúró, bí ẹni pé ohun ìjà tí kì í dún kì í pa ènìyàn. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ máa wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn ogun: ta ni yóò bà, kí ni a ń béèrè, ọjọ́ wo ni yóò sì parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí kíka ohun ìjà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń rí àtòjọ tí ó to àwọn orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láti orí ẹni tí ó lágbára jù dé orí ẹni tí ó rọ jù, àwọn ènìyàn a sì máa fi jiyàn bí ẹni pé ìdíje eré ìdárayá ni. Ilé ìwádìí àlàáfíà tí ó wà ní Stockholm ṣírò pé owó tí gbogbo ayé ná lórí ológun ní ọdún 2024 jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 2,718. Nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà ná bílíọ̀nù 997, Ṣáínà ná nǹkan bí bílíọ̀nù 314, Rọ́ṣíà sì ná nǹkan bí bílíọ̀nù 149. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo iye wọ̀nyí yóò sọ pé Amẹ́ríkà lágbára ju Ṣáínà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí dọ́là kan rà ní Washington kọ́ ni ó ń rà ní Beijing: owó oṣù ọmọ ogun kò dọ́gba, owó irin kò dọ́gba, owó iṣẹ́ àwọn tí ń kan ọkọ̀ kò sì dọ́gba. Bí a bá ka ọkọ̀ ojú omi ogun lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Ṣáínà pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe tóbi tó, tí a sì ka àwọn ọkọ̀ 11 tí Amẹ́ríkà ní tí bàálù ogun ń gbéra lórí wọn, ọ̀rọ̀ náà a yí padà. Bí a bá tún béèrè ibi tí ìjà náà yóò ti wáyé, yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ẹni tí ó ń jà létí òkun ilé ara rẹ̀ kò ní í gbé epo àti ọta kọjá agbami kí ó tó dé ojú ìjà.

Ìtàn kún fún àwọn tí àtòjọ gbé gẹ̀gẹ̀ tí ogun sì já sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, táńkì ogun tí Faransé àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní pọ̀ ju ti Jámánì lọ, irin ara púpọ̀ nínú wọn sì nípọn ju ti ọ̀tá; láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Faransé ti juwọ́ sílẹ̀. Rédíò tí ó wà nínú àwọn táńkì Jámánì, tí ó jẹ́ kí ọ̀kan máa bá èkejì sọ̀rọ̀ bí ìjà ṣe ń lọ, kò hàn nínú iye táńkì tí ẹnikẹ́ni kà. Ní ọdún 1990, wọ́n máa ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íráàkì ní ìkẹrin tí ó tóbi jù láyé. Nígbà tí ìjà orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1991, wákàtí 100 ni ó gbà. Ní Afuganísítàn, orúkọ ọmọ ogun àti ọlọ́pàá tí ó wà nínú ìwé ìjọba tó nǹkan bí 300,000, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Taliban wọ Kabul ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìlú náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láìsí ìjà tí ó tó nǹkan. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ tí ó wà nínú ìwé náà kò ní ènìyàn tí ń jẹ́ wọn. Owó oṣù nìkan ni ó ń jáde lórí wọn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ọkọ̀ Moskva tí ó jẹ́ olórí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà lórí Òkun Dúdú rì sínú omi lẹ́yìn tí Yukréènì ta ohun ìjà lù ú láti etíkun, bẹ́ẹ̀ Yukréènì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọkọ̀ ojú omi ogun kankan mọ́ nígbà náà.

Ohun tí àtòjọ kò lè kà ni ó pọ̀ jù nínú ogun: ìfẹ́ láti dúró, ilé iṣẹ́ tí ó lè rọ òmíràn dípò èyí tí ó bàjẹ́, ọ̀rẹ́ tí yóò yá ni ní ohun èlò, àti ìdí tí ọmọ ogun kan fi gbà pé òun ń jà. Ibì kan ṣoṣo ni kíka ti sọ òtítọ́ pátápátá, ibẹ̀ ni ó sì ti bani lẹ́rù jù. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà nìkan ni ó ní nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 gbogbo bọ́ǹbù átọ́míìkì tí ó wà láyé, iye tí ẹnikẹ́ni kò lè lò kí òun náà má parun. Nítorí ìyẹn ni àwọn alágbára kò fi lè dojú ìjà kọ ara wọn ní gbangba, tí òwò, owó ilé ìfowópamọ́ àti epo fi di pápá ìjà wọn. Ìṣírò ohun ìjà ni ó ń yan ẹni tí a ó yàn lódì, èyí ni mo sì fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Ẹni tí ó lágbára débi pé kò ṣeé bá jà ni a máa ń yàn lódì kí a má ba à dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó rọ̀ débi pé kò lè gbẹ̀san ni a máa ń yàn lódì tí a sì ń gbàgbé sínú rẹ̀.

Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìyanlódì lónìí, "boycott", wá láti ara ọkùnrin kan, Charles Boycott, tí ó ń ṣe àbójútó ilẹ̀ fún onílẹ̀ ńlá kan ní Mayo ní ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1880. Àwọn àgbẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù. Nígbà tí ó kọ̀, gbogbo ará àdúgbò kọ̀ láti bá a kórè, wọn kò bá a rà, wọn kò bá a tà, wọn kò sì kí i. Owó tí ìjọba ná láti kó ọmọ ogun wá dáàbò bo ìkórè náà ju iye tí irè oko náà tó lọ fíìfíì. Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí nítorí ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ó sábà máa ń sọnù nígbà tí orílẹ̀-èdè bá gba ọgbọ́n náà lò: àwọn tí ìyà ń jẹ gan-an ni ó yanni lódì, gbogbo ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ ni ọwọ́ ìyà náà bà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ṣáájú yín gbìyànjú rẹ̀. Ítálì wọ Etiópíà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1935. Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní Geneva pàṣẹ ìyanlódì ní oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n wọn kò fi epo sí i, wọn kò sì ti ipa odò Suez tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Mussolini, olórí Ítálì, ń gbà kọjá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá fi epo sí i, Ítálì yóò bínú yí sí ọ̀dọ̀ Jámánì. Addis Ababa bọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1936. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, Haile Selassie, ọba Etiópíà, dúró níwájú wọn ní Geneva láti béèrè ìdájọ́. Ní oṣù Keje wọ́n ká ìyanlódì náà kúrò. Ítálì kò sì pẹ́ yí sí ọ̀dọ̀ Jámánì náà. Ohun tí wọ́n tà nítorí ìbẹ̀rù, wọn kò rí i rà.

Ti Jàpáánì lòdì sí èyí pátápátá. Ó ti ń bá Ṣáínà jagun láti ọdún 1937, ó sì wọ gúúsù Indochina, ibi tí Vietnam wà lónìí, ní oṣù Keje ọdún 1941, èyí tí ó mú kí Amẹ́ríkà ti owó rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn pa, kí epo sì dáwọ́ dúró. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo Jàpáánì lọ tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá. Ìyanlódì náà mú gan-an. Ṣùgbọ́n ní Tokyo, àwọn ọ̀gágun ojú omi jókòó ti ìṣírò: epo tí ó wà nílẹ̀ ń dínkù lójoojúmọ́, ọkọ̀ ogun tí Amẹ́ríkà ń kàn ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, tí ó fi jẹ́ pé bí a óò bá jà, kò sí ọjọ́ tí ó dára ju òní lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, wọ́n kọlu Pearl Harbor. Ẹ̀bi ogun náà wà lọ́rùn àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń gbé e kúrò lórí wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyanlódì tí ó mú tó báyìí máa ń yí ìṣírò ohun ìjà padà nínú ọkàn ẹni tí a yàn lódì, ẹni tí ó bá sì ń pàṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun yóò ṣe bí onítọ̀hún bá pinnu láti jà dípò kí ó tẹrí ba.

Ìyanlódì Íráàkì ni ó dùn mí jù, nítorí ọwọ́ yín ni ó ti wá. Ìpinnu 661 ti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1990 jáde ní ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Íráàkì wọ Kuwait, ìdí tí ó fi jáde sì dára. Àwọn ọmọ ogun Íráàkì kúrò ní Kuwait ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, ṣùgbọ́n ìyanlódì náà dúró. Ohun tí a ń béèrè yí padà, ó wá di ti àwọn ohun ìjà olóró. Lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ kan tún ń sọ ní gbangba pé kò ní í kúrò níwọ̀n ìgbà tí Saddam Hussein bá wà lórí oyè. Báwo ni ẹni tí a sọ fún pé kò sí ohun tí ó lè ṣe tí a ó fi dá a sílẹ̀ yóò ṣe fẹ́ ṣe nǹkan kan? Ètò tí ó jẹ́ kí wọ́n ta epo láti fi ra oúnjẹ àti oògùn kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 1996. Nítorí pé ìjọba ni ó ń pín oúnjẹ náà káàkiri ibi púpọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, ìwé oúnjẹ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní di okùn tí Saddam fi so wọ́n mọ́lẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Denis Halliday, ẹni tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe olórí ètò náà ní Baghdad, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1998 nítorí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Hans von Sponeck tí ó gba ipò rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọdún 2000. Oṣù Karùn-ún ọdún 2003 ni ìyanlódì náà tó dópin, ogun ni ó sì mú Saddam kúrò.

Mo gbọ́dọ̀ yìn yín níbi tí ìyìn ti tọ́. Láti ìgbà náà, ẹ ti ń gbìyànjú láti ti owó àwọn olórí pa, kí ẹ sì dí ọ̀nà ìrìn àjò mọ́ wọn dípò kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ará ìlú. Ìpinnu 2664 tí ẹ ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 sì yọ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún aráàlú kúrò lábẹ́ òfin ìtowópa yín. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé ìyanlódì ti so èso rere rí, Gúúsù Áfíríkà ni n ó kọ́kọ́ nàka sí, n ó sì ní sùúrù láti sọ bí ó ṣe rí gan-an. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìyà ń jẹ níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà àwọn aláwọ̀ funfun ni ó béèrè fún un. Albert Luthuli, olórí ẹgbẹ́ ANC tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ké sí aráyé pé kí wọ́n má ra ọjà ilẹ̀ òun, àwọn ènìyàn ní London sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1959. Ìgbìmọ̀ yín bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 1963 pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún wọn. Ọdún 14 kọjá kí ẹ̀bẹ̀ náà tó di àṣẹ nínú Ìpinnu 418 ti ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1977. Bí a bá fi àtòjọ ohun ìjà wọn àṣeyọrí rẹ̀, a ó ní ó kùnà: ìjọba Gúúsù Áfíríkà tí ó wà ní Pretoria dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó ń rọ ohun ìjà fúnra rẹ̀, ó sì ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́fà tí wọ́n wá tú palẹ̀ níkẹyìn. Ibòmíràn ni ó ti dùn wọ́n. Wọ́n lé wọn kúrò nínú ìdíje Olympics láti ọdún 1964 títí di ọdún 1992. Ní ọdún 1985, ilé ìfowópamọ́ Amẹ́ríkà kan kọ̀ láti sún ọjọ́ gbèsè wọn síwájú, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ni owó wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní ọdún 1986, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin ìyanlódì lélẹ̀ láìka ti Ààrẹ Reagan tí ó kọ̀ ọ́ sí, ohun tí mo sì nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú òfin náà ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere àwọn ohun tí Pretoria gbọ́dọ̀ ṣe kí òfin náà tó kúrò, tí ìtúsílẹ̀ Nelson Mandela wà lára wọn. Mandela jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990. Wọ́n ká òfin náà kúrò ní ọdún 1991. Ìyanlódì nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Àwọn tí ó kú nínú ìwọ́de ní Soweto, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó daṣẹ́ sílẹ̀, ogun Àǹgólà àti òpin ìfigagbága Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Pretoria mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà.

Ti Kúbà kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tíì gbà jáde. Láti oṣù Kejì ọdún 1962 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò pẹ̀lú rẹ̀, láti ọdún 1992 sì ni Àpéjọ Gbogboogbò yín ti ń dìbò léraléra pé kí ó dópin.

Ní ti Rọ́ṣíà, ẹ̀yin gan-an kò lè pàṣẹ nǹkan kan, nítorí pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí ó wọ Yukréènì, ó lo agbára ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ (veto), èyí tí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn márùn-ún tí ìjókòó wọn kì í yẹ̀ lè fi dá ìpinnu dúró, sí ìpinnu tí ó bá a wí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wá ṣe é fúnra wọn: wọ́n ti owó tí ó tó nǹkan bí dọ́là bílíọ̀nù 300 pa, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì fi dọ́là 60 ṣe iye tí owó àgbá epo rẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jù lọ. Íńdíà àti Ṣáínà ra epo náà, ogun kò sì dúró. Àwọn kan ti fi èyí parí ọ̀rọ̀ pé ìyanlódì kò wúlò, n kò sì bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí Rọ́ṣíà ń gbà lọ́nà ẹ̀yìn báyìí ń wọ́n ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣèlérí pé ọrọ̀ ajé rẹ̀ yóò wó láàárín oṣù díẹ̀ ṣe ìpalára fún òtítọ́. Ọjà tí gbogbo ayé ń wá kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò rà á. Ṣáínà pẹ̀lú rí i nígbà tí ó fi owó orí tí ó ju ìdá 80 nínú 100 lọ lé ọkà bálì Ọsirélíà ní ọdún 2020 nítorí ìbínú. Àwọn àgbẹ̀ Ọsirélíà wá oníbàárà mìíràn, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Ṣáínà fúnra rẹ̀ ká owó orí náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bá àwọn ìjọba yín. Nígbàkígbà tí ìyanlódì bá bẹ̀rẹ̀, àwọn aráàlú a máa fẹ́ ran ìjọba wọn lọ́wọ́, wọn a sì dojú rẹ̀ kọ ẹni tí ó bá súnmọ́ wọn: akẹ́kọ̀ọ́, dókítà, olórin tí ó kàn jẹ́ pé ilẹ̀ tí a yàn lódì ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí kò ra ọjà kan nítorí pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ń pèsè ohun ìjà fún ìjọba tí ń pànìyàn, ó ní ọ̀tá tí ó mọ̀ àti ohun tí ó ń béèrè. Ẹni tí ó kọ̀ láti kí aládùúgbò rẹ̀ nítorí èdè tí ó ń sọ, kí ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Kí aládùúgbò náà tún ara rẹ̀ bí? Àwọn ìjọba tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí tí wọ́n sì dákẹ́ nítorí pé ìbínú aráàlú wúlò fún wọn ń hùwà tí kò yẹ wọ́n.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dìbò fún ìyanlódì mọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti ka ìwé ìwádìí nípa ẹni tí yóò fara gbá a, kí ìwé náà sì jáde sí gbangba kí ìbò tó wáyé. Kí ẹ rántí abala 50 ìwé àdéhùn yín, èyí tí ó fún orílẹ̀-èdè tí ìyanlódì ẹlòmíràn bá dà láàmú ní ẹ̀tọ́ láti wá bá yín sọ̀rọ̀. Mòsáńbíìkì ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Rodéṣíà, tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, ní oṣù Kẹta ọdún 1976 láti tẹ̀ lé àṣẹ yín, ó sì pàdánù owó ọkọ̀ ojú irin àti ti èbúté. Jọ́dánì pàdánù òwò ńlá nítorí Íráàkì. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nìkan ni abala náà fún wọn. Ẹ fi àpò owó kan sí i, kí ó má jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu jù ni yóò jìyà jù.

Ẹ̀yin márùn-ún tí ìjókòó yín kì í yẹ̀, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ni ohun ìjà yín pọ̀ jù, ẹ̀yin sì ni ìyanlódì ìgbìmọ̀ yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ yín láé. Abala 27 sọ pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn má dìbò nígbà tí ẹ bá ń wá ìparí ìjà ní tùbí-ǹ-nùbí lábẹ́ Orí Kẹfà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa Orí Keje tí ìyanlódì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ipá mú yín, ṣùgbọ́n kò sì sí òfin tí ó ní kí ẹ má ṣe é fúnra yín. Bí ọ̀kan nínú yín bá lè dìde kí ó sọ pé òun kò ní í lo agbára ìkọ̀sílẹ̀ nínú ẹjọ́ tí òun fúnra òun jẹ́ olùjẹ́jọ́, yóò ti ṣe ohun tí ọkọ̀ ogun 11 kò lè ṣe fún orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìpinnu mìíràn bá sì dé orí tábìlì yín, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ohun tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ ṣe àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ bí ẹ kò bá sọ ọ́ di ọ̀tun, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ọmọ aráyé kan tí kò ní ìbò nínú gbọ̀ngàn yín